Ẹlẹ́rìí Ni Ọkọ, Ẹlẹ́rìí Ni Aya

Ní orílẹ̀-èdè England, owó kan wà tí ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba, NHS, máa ń ná lórí ẹni tí àìsàn ńlá dá dúbúlẹ̀, yálà ilé rẹ̀ ló wà tàbí ilé ìtọ́jú. NHS Continuing Healthcare ni orúkọ rẹ̀. Wọn kì í wo iye tó wà ní báńkì aláìsàn kí wọ́n tó fún un. Ìrànwọ́ ti káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí owó àti dúkìá tí wọ́n kà mọ́ ọn bá ti kọjá £23,250, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti máa sanwó ìtọ́jú. Bí NHS bá fọwọ́ sí i, wọn yóò tún padà wá ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìmúrasílẹ̀ fún ọjọ́ àyẹ̀wò yẹn máa ń gbé ìbéèrè kan ka iwájú ọmọ Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀, ìbéèrè tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan: ṣé ó tọ́ kí aya jókòó síwájú àjèjì, kí ó máa to ohun tí ọkọ rẹ̀ kò lè ṣe mọ́ lẹ́sẹẹsẹ? Ṣé kò ti tú àṣírí báyìí? Ṣé kò ti sọ ìrètí nù? Èrò tèmi ni pé ó tọ́. Ẹni tó bá fi ìtìjú tàbí ìgbàgbọ́ bo bí àìsàn náà ṣe rí mọ́lẹ̀ ti fi ẹni tó fẹ́ràn sílẹ̀ láìní ẹlẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Ìwé tí wọ́n fi ń pinnu ẹni tó tọ́ sí owó yìí pín àìní aláìsàn sí ọ̀nà méjìlá: mímí, jíjẹ àti mímu, ìgbẹ́ àti ìtọ̀, awọ ara, ìdìde àti ìrìn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìdààmú ọkàn, òye, ìwà, oògùn lílò, dídákú, àti ohunkóhun mìíràn tí kò bá rí ibì kan wọ̀ sí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wo irú àìní tó jẹ́, bó ṣe le tó, bó ṣe díjú tó, àti bóyá ó ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀ ìgbà tí yóò yíwọ́. Ìlànà ìjọba sì sọ ohun kan tó yẹ kí gbogbo olùtọ́jú mọ̀: àìní tí a ń bójú tó dáadáa kò tíì tán, àfi bí ìtọ́jú náà bá ti dín in kù tàbí mú un kúrò títí lọ. Mo ka èyí sí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ òfin lọ. Obìnrin tó ń yí ọkọ rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí méjì méjì títí ilẹ̀ fi mọ́, òun ni kò jẹ́ kí egbò yọ lẹ́yìn ọkùnrin náà. Nọ́ọ̀sì dé lọ́sàn-án, ó wo ẹ̀yìn yẹn, ó ń dán. Ọkùnrin tó ń po nǹkan sínú omi aya rẹ̀ kí omi náà lè ki, kí ó má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé obìnrin náà dé ọsibítù. Bí ìfẹ́ bá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ yanjú, kò ní ku ohun tí ojú àlejò lè rí. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí ọwọ́ bá yẹ ni ẹni tó ni ọwọ́ náà. Ìdí nìyí tí ìwé tó ń kọ sí lójoojúmọ́ fi ṣe pàtàkì: aago mélòó ni ikọ́ gbé aláìsàn, kí la ṣe sí i, ènìyàn mélòó ló gbà, báwo ló ṣe pẹ́ tó kí ara tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá sì rò pé àfi kí aláìsàn wà ní bèbè ikú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó kan NHS, ẹjọ́ Pamela Coughlan ti já irọ́ náà ní 1999. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló rọ obìnrin yìí lápá lẹ́sẹ̀ ní 1971. Orí rẹ̀ pé, kò sì sí ní bèbè ikú; síbẹ̀ Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé ìtọ́jú tó nílò kọjá èyí tí òfin lè dì lé káńsù lórí.

Ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ ni àtakò tó lágbára jù ti ń wá. Wọ́n ní agbára wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àti pé ẹni tó ń ka àìsàn sí ọkọ rẹ̀ lára ń ránṣẹ́ pe ikú ni. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì òde òní ló kọ́kọ́ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ti ń bẹ̀rù àfọ̀ṣẹ kí ìwàásù tó dé. N kò fojú kéré ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n àfọ̀ṣẹ ń pàṣẹ ohun tí kò tíì sí. Ẹlẹ́rìí ń sọ ohun tó wà nílẹ̀. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn láìsí ìtùnú kankan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àdúrà. Nínú Kùránì, Ànábì Ayyúbà ké pe Ọlọ́run pé ìnira ti kan òun, Ìwé kan náà ló sì yìn ín fún sùúrù. Wọ́n lè ní Ọlọ́run ni àwọn wọ̀nyẹn sọ fún, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òótọ́ ni, àmọ́ bí dídárúkọ ìrora bá jẹ́ àìnígbàgbọ́, iwájú Ọlọ́run ni ì bá ti kọ́kọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ tún wo ẹni tó jáde wá jẹ́rìí ìwòsàn láàárín ìjọ: bí àìsàn náà ṣe le tó ni yóò kọ́kọ́ rò, tí ìjọ á sì máa ṣe àmín. Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ kan náà fi di èèwọ̀ nígbà tí ìwòsàn kò tíì dé? Bí olùyẹ̀wò bá béèrè bí ara ṣe rí, tí a fèsì pé a dúpẹ́, ara ti ń yá, ìkíni la kí i, ṣùgbọ́n bí ìròyìn àìsàn ni yóò ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn ní àṣà kíka àìní aláìsàn sílẹ̀ báyìí yóò kọ́ ènìyàn ní àbùmọ́, pé owó gbogbo ìlú ni. Mo gbà pé ewu náà wà, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹlẹ́rìí tó sọ ti ọjọ́ tó burú gbọ́dọ̀ sọ ti ọjọ́ tó san, bí nǹkan kan bá sì ti dẹ̀ lóòótọ́, kí ó sọ ọ́. Ìlànà náà fúnra rẹ̀ sọ pé bóyá ìtọ́jú tí wọ́n ṣètò ṣì bá aláìsàn mu ni àyẹ̀wò wà fún ní pàtàkì, àti pé nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, kò yẹ kó di pé wọ́n tún ń jiyàn lórí bóyá ó tọ́ sí owó. Kò pọn dandan kí a lọ bí ẹni tó ń lọ sógun.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló nira jù fún mi. Gbogbo wa la mọ ìtàn Nóà, bí Ṣémù àti Jáfẹ́tì ṣe fi ẹ̀yìn rìn wọlé láti bo ìhòòhò baba wọn, tí Hámù sì gba ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí Hámù kò bá sọ fún wọn, wọn kì bá tí mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn mú aṣọ wá. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ó rí i, ó jáde, òun fúnra rẹ̀ kò mú aṣọ kankan wọlé. Ẹni tó ń sọ fún olùyẹ̀wò pé ìgbẹ́ ń bọ́ lára ọkọ òun láìmọ̀, aṣọ ló ń wá fún un. Ẹni tó sọ ọ́ níbi ayẹyẹ kò rí nǹkan kan wá fún un. Síbẹ̀, aláìsàn lè wà níbẹ̀, kí ó máa gbọ́, kò sì sí àlàyé tó lè mú oró ìyẹn kúrò. Nítorí náà, ó yẹ kí tọkọtaya ti jọ ka ohun tí wọn yóò sọ ṣáájú, kí aláìsàn tó lè sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kí wọ́n sì bẹ olùyẹ̀wò pé kí àwọn kan nínú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Bí ẹni tí òye rẹ̀ pé bá sì wo ìwé náà, tó ní, “Èyí, má sọ ọ́,” a lè ṣàlàyé ohun tó lè ná wọn, a lè bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí kò bá gbà, kí a fi í sílẹ̀, kódà bí owó náà bá bá a lọ, torí òun ló ni ara rẹ̀.