Ta Ni Ó Ń Jẹ Gàba?

Bí a bá ní ẹnì kan ń jẹ gàba lé ẹlòmíràn lórí, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Òyìnbó ń lo irú ọ̀rọ̀ yìí, dominant, nínú sáyẹ́ǹsì àti nínú orin pẹ̀lú. Ǹjẹ́ ìtumọ̀ wọn bára mu?

Ní 1866, àlùfáà Gregor Mendel ti ìlú Brno tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀wà òyìnbó tí ó gbìn. Ó mú èyí tí ó ga pọ̀ mọ́ èyí tí ó kúrú. Gbogbo ọmọ wọn ni ó ga. À bá ní kúkúrú ti parẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbin èso àwọn ọmọ náà, nínú 1,064 tí ó hù, 787 ga, 277 kúrú. Gíga kàn bo kúkúrú mọ́lẹ̀ ni, kò pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ AS: A bo S, ara ẹni náà sì le. Síbẹ̀, bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS.

Nínú orin, sọ, ohùn karùn-ún láti orí dò, ni wọ́n ń pè ní dominant. Bí dùùrù bá dákẹ́ lórí rẹ̀, ọkàn kò ní balẹ̀ títí a ó fi padà sí dò. Agbára rẹ̀ ni pé ó ń mú wa lọ sílé. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ilé.

Ẹ̀wà kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Àwa ni a lè yàn. Ìyá ọkọ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò lè dá lóhùn lè rò pé àlàáfíà ti dé. Ṣùgbọ́n ohun tí a bò mọ́lẹ̀ kò tíì lọ. Ó lè di ọ̀rọ̀ lójú àwọn ọmọ-ọmọ. Òótọ́ ni pé ilé tí kò ní olórí yóò dàrú. Ẹgbẹ́ akọrin pàápàá ní olùdarí. Kì í ṣe bóyá a ní agbára ni ìbéèrè náà. Ìbéèrè náà ni pé: agbára tí ó wà lọ́wọ́ mi, ṣé ó ń mú àwọn tí ó wà lábẹ́ mi délé, àbí ó kàn ń bò wọ́n mọ́lẹ̀?