Orúkọ Wo Ni A Ó Máa Pe Àwọn Àgbà Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí a ti ṣe àbẹ̀wò sí Ẹ̀pẹ́, mo sì fẹ́ kí a jọ rò ó.

Màmá kan wà níbẹ̀ tí ó ta ẹja ní ọjà Olúwo fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dùn wọ́n. A gbé ìrẹsì, òróró àti ọṣẹ lọ fún wọn, a sì na báńà wa sí iwájú ilé kí a lè ya fọ́tò. Ohun tí a kọ sí i ni "Ìtọ́jú Àwọn Arúgbó Aláìní". Màmá gbàdúrà fún wa, wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n rọra sọ pé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo dúpẹ́, ẹ ò ní rí ìbànújẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ bá mi ká báńà yẹn. Àwọn tí wọ́n máa ń ra ẹja àwìn lọ́wọ́ mi ni wọ́n ń wò mí yẹn." A ká a. Ojú tì wá.

Nígbà tí a padà dé Ìkòròdú, tí ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, ohùn wa kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní kí a yí orúkọ ìgbìmọ̀ náà padà. Ìyá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún dìde, wọ́n ní: "Ṣé orúkọ ni màmá yóò jẹ yó? Owó tí ẹ fẹ́ fi ṣe báńà tuntun, ẹ fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru." Ọ̀rọ̀ gidi ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀.

Kì í ṣe àwa ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ bá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1940, nígbà tí ogun Hitler ń jà, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ire àwọn arúgbó, wọ́n sì pè é ní Old People's Welfare Committee. Ní 1971, ẹgbẹ́ náà bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀, ó di Age Concern, bí ẹni ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó jẹ wá lógún. Ẹgbẹ́ mìíràn wà tí a dá sílẹ̀ ní 1961, Help the Aged, ìyẹn ni pé "Ẹ ran àwọn arúgbó lọ́wọ́". Ní 2009 àwọn méjèèjì di ọ̀kan, wọ́n sì yan orúkọ tuntun, Age UK. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké ní ìlú kọ̀ọ̀kan gba orúkọ náà, àwọn kan sì di ti àtijọ́ mú. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ibẹ̀ pàápàá, tí wọ́n dá Methodist Homes for the Aged sílẹ̀ ní 1943, ti mú ọ̀rọ̀ "Aged" kúrò nínú orúkọ náà; MHA ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí.

Ẹ wo orúkọ Help the Aged dáadáa. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Ẹni tí ó ní owó lápò ni. Kò bá àgbà náà sọ̀rọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni ó ń sọ. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ a máa tú àpò ènìyàn, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n olùfúnni gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí a ń tọ́jú ni yóò máa gbé lábẹ́ rẹ̀.

Nínú èdè wa, arúgbó kì í ṣe èébú. Àdúrà wa ni pé kí a gbó, kí a tọ́. Síbẹ̀, "arúgbó" ń sọ ohun tí ọjọ́ ti ṣe sí ara. "Àgbà" ń sọ ipò ènìyàn láàárín wa. Nígbà tí ìlú bàjẹ́, a kì í sọ pé arúgbó ni kò sí; àgbà ni a ń wá. "Aláìní" tí a fi kún un ni ó wá burú jù, nítorí ẹni tí ó ti fi àwìn bọ́ àdúgbò kì í ṣe aláìní lójú ara rẹ̀.

Ẹ rántí Náómì. Ó padà sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní òfo, ó ní kí àwọn obìnrin má pe òun ní Náómì mọ́, kí wọ́n máa pe òun ní Márà nítorí ìkorò ọkàn rẹ̀. Ẹ ka ìwé Rúùtù dé òpin: a kò rí ẹni kan tí ó pè é ní Márà. Ṣùgbọ́n Rúùtù kò jókòó sílé kí ó máa pe orúkọ dídùn lásán. Ó lọ ṣa ọkà lóko, ó gbé e wálé. Orúkọ àti ọkà, méjèèjì ni Náómì rí gbà.

Nítorí náà, òtítọ́ ni ìyá wa sọ. Ìjọba àpapọ̀ wa náà ṣe òfin National Senior Citizens Centre ní 2017. Orúkọ iyì ni, ṣùgbọ́n orúkọ iyì nìkan kò lè gbé àgbà dé ilé ìwòsàn. Bí a bá yí orúkọ padà tí àbẹ̀wò wa kò pọ̀ sí i, ọ̀dà ni a kàn fi kun ògiri tí ó ti là. Ṣùgbọ́n bí orúkọ wa bá mú kí màmá ti ilẹ̀kùn, báwo ni oògùn yóò ṣe wọlé?

Ìmọ̀ràn tèmi nìyí. Kí a ká báńà náà pátápátá, kí a má sì ṣe òmíràn. Kí a fi owó rẹ̀ ra oògùn. Ní ti orúkọ tuntun, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: kí a lọ bi àwọn màmá wọ̀nyí léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a máa pe àwọn. Orúkọ tí a bá sì yàn, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, àwa náà ni yóò kàn láti jẹ́ ẹ.

Kí Olúwa fún wa ní ojú àánú, àti ọwọ́ tí kì í dójú ti ẹni tí ó bá fún. Àmín.