Ta Ló Rí Oṣù: Ojú Ni àbí Awò?

Gbogbo ìparí oṣù Ṣáábáànì ni àwọn ará máa ń bi mí pé bí èèyàn bá fi awò awọ̀nàjíjìn wo oṣù tó lé, ṣé a lè pe ìyẹn ní rírí? Ẹjẹ́ǹtì ni mí ní bodè Seme, mo ń bá oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Èmi náà ni akọ̀wé mọ́ṣáláṣí wa, ọwọ́ mi sì ni awò tí a ń gbé lọ sí etíkun wà. Ìdáhùn mi ni pé ó rí i, bí dígí tó gbójú lé, ìyẹn dígí ojú, bá bá awò náà mu, tó sì bá ojú òun fúnra rẹ̀ mu.

Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ní kí a gba ààwẹ̀ bí a bá rí oṣù, kí a sì túnu bí a bá rí i. Bí ìkùukùu bá bò ó, kí a ka Ṣáábáànì pé ọgbọ̀n ọjọ́. Kò sí awò nígbà náà; ọdún 1608 ni Lippershey ní ilẹ̀ Dutch bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀tọ́ lórí tirẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fíkíìhì ìjọ Mùsùlùmí àgbáyé pàdé ní Amman ní oṣù Ọkítóbà 1986, wọ́n ní rírí ni ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n a lè fi ìṣirò àti ilé ìwoṣù ran ara wa lọ́wọ́. Ayatollah Sistani ní Najaf, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú Ṣíà, kò gbà: oṣù tí ojú lásán kò lè rí kò tó fún un.

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí darandaran àti ọba ni àṣẹ Ànábì wà fún, kì í ṣe ẹni tó lówó awò nìkan. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ ẹ̀rí alàgbà nítorí pé ó lo jígí ojú. Onímọ̀ Mùsùlùmí Ibn al-Haytham ti kọ ọ́ ní Káírò ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn pé ìmọ́lẹ̀ láti ara nǹkan ló ń wọ ojú tí a fi ń rí i. Ìmọ́lẹ̀ oṣù gan-an ló ń gba inú awò wọ ojú wa. Awò tó dára ń kó o jọ, ó ń mú un tóbi, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Níbí ni dígí ojú ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, torí dígí tí kò dára a máa fi nǹkan kún un. Ìmọ́lẹ̀ lè máa ta sẹ́yìn síwájú nínú rẹ̀, kí ó ya ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọ́rọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń sáré sí ààwẹ̀ yóò sì pariwo pé oṣù ti lé. Bí a bá sún awò díẹ̀, oṣù gidi kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkùukùu tó wà nítòsí rẹ̀. Òjìji inú dígí yóò sá lọ.

Dígí náà sì gbọ́dọ̀ bá awò mu: àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ẹnu ìdè tiwọn, dígí ọ̀kan lè má wọ awò èkejì. Tiwa ń gba dígí oníǹṣì 1.25, síbẹ̀ àwọn kan wà tó wọlé dáadáa tí nǹkan ọ̀nà jíjìn kò mọ́ nínú wọn rárá. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ dígí iwájú awò wa ń pàdé ní milimítà 480 sẹ́yìn rẹ̀. Pín 480 sí ọ̀nà 24, ìyẹn nọ́ńbà ara dígí ojú kan, yóò sọ oṣù di ìlọ́po 20. Dígí 10 yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 48. Ìlọ́po 20 ni mo fi ń wá a, nítorí ó ń fi ojú ọ̀run tó fẹ̀ tó oṣù mẹ́fà hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fi ìlọ́po ńlá bẹ̀rẹ̀, oṣù lè wọ̀ kó tó rí i. Alàgbà onígíláàsì sì nílò dígí tí ojú lè fi milimítà 15 sí 20 jìnnà sí.

Ní 28 oṣù Fẹ́búárì 2025, ọjọ́ orí oṣù kò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́tàdínlógún lọ nígbà tí oòrùn wọ̀ ní Seme. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, ẹ̀rí olóòótọ́ méjì sì ni mázíhábì Màlíkì wa ń béèrè. Awò kò lè jẹ́rìí; ojú ẹlẹ́rìí ni a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Nítorí náà, oòrùn gbọ́dọ̀ wọ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó gbójú lé e, torí oòrùn inú awò a máa fọ́ ojú. Ẹni àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ sọ fún èkejì ibi tí ẹnu oṣù kọ sí. Àwọn méjèèjì yóò sì sọ ohun tí wọ́n fi wò ó, kí ìgbìmọ̀ ìwoṣù ti Ìgbìmọ̀ Gíga fún Ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà (NSCIA), tí Sultan Sókótó ń darí, mọ irú ẹ̀rí tó dé ọwọ́ wọn. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ẹrù tí kò tú wò ní bodè ń ru ẹ̀bi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí oṣù.

Kraké, ní òdìkejì bodè ní ilẹ̀ Benin, kò jìnnà sí wa. Aago kan náà ni àwa àti Benin ń lò, ìmọ́lẹ̀ oṣù kan náà ló ń bọ́ sórí iyanrìn méjèèjì, síbẹ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń kéde tirẹ̀. Ó fi hàn mí pé ẹ̀rí tí ìjọ gbà ló ń bẹ̀rẹ̀ oṣù, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan.

Ẹ̀yin ará tó ń dáwó jọ ra awò fún mọ́ṣáláṣí yín, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá ara páálí tàn yín. Ẹ mú alàgbà tí yóò jẹ́rìí dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, kí òun fúnra rẹ̀ gbé ojú lé dígí náà kí ẹ tó sanwó, nítorí òun ni Ọlọ́run yóò bi léèrè ohun tó rí.