Ta Ni Ó Ni Ara Wa?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó fún wa ní ara àti ẹ̀mí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ǹjẹ́ àwa ni a ni ara wa? Rárá. Àgbàfipamọ́ ni, Ẹni tí ó ni í yóò bèèrè rẹ̀. Nígbà tí Abdullahi ọmọ Amr ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, tí ó sì ń fi gbogbo òru kírun, Ànábì dá a lẹ́kun, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí a kò bá gbọdọ̀ fi ìjọsìn ni ara lára, báwo ni a ó ṣe fi ìmẹ́lẹ́ bà á jẹ́?

Àwọn bàbá wa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko àti mọ́sálásí. Àwa ń gun alùpùpù lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé. Kẹ̀kẹ́ gígùn déédéé a máa fún ọkàn lókun, a sì máa ran ni lọ́wọ́ láti kápá ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Kì í sì í ni orúnkún lára bí eré sísá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀: ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún.

A kò sọ pé aláìsàn jẹ̀bi. Ọlọ́hun a máa fi àìsàn dán ẹrú Rẹ̀ wò. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni à ń sọ. Orúnkún tí a kò lò lónìí lè kọ̀ fún wa láti forí kanlẹ̀ lọ́la.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a jàǹbá àgbàfipamọ́ Rẹ̀. Àámín.