Èpò Orí Adágún àti Ìbéèrè Ẹ̀bi

Ewéko tí ó bá hù níbi tí ènìyàn kò fẹ́ ni à ń pè ní èpò. Nínú orúkọ náà, ìdájọ́ ti wọlé kí ẹ̀rí tó dé.

Olùkọ́ tí ó bá kó ọmọ ilé-ìwé dé etí odò yóò gbọ́ kí wọ́n pe ewé mẹ́ta ní orúkọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò òṣíbàtà wọ inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ewé rẹ̀ sì tẹ́ pẹlẹbẹ sójú omi. Ojú oró ń léfòó ní tirẹ̀. Ewé rẹ̀ onírun wẹ́wẹ́ kò ní ọ̀pá. Háyásíǹtì náà ń léfòó, ṣùgbọ́n ọ̀pá ewé rẹ̀ wú, afẹ́fẹ́ sì kún inú rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò wu ojú. Ẹwà yìí gan-an ni ó mú kí àwọn ènìyàn gbé e kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà káàkiri ayé. Ó dé Àgbádárìgì ní 1984. Nígbà tí ọdún 1990 kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ti wọ adágún Victoria, tí Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tànsáníà jọ ni.

Níbẹ̀ ó bo èbúté, ó sì dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja. Oògùn a máa tètè pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkú ewéko a rì, a jẹrà, a sì gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ ẹja lọ́wọ́. Omi yìí kan náà ni aráàlú sì ń mu. Fífi ọwọ́ kó o a máa dá ni lágara, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì wúwo. Ní 1995, Ùgáńdà tú kòkòrò kékeré kan tí ń jẹ ẹ́ sínú adágún náà, kòkòrò tí òun àti ewéko náà jọ ti ilẹ̀ kan wá. Ọdún mélòó kan kọjá kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Ó rọrùn fún onímọ̀ tí owó oṣù rẹ̀ ń wọlé láti gba apẹja níyànjú pé kí ó ní sùúrù. Ta ni yóò bọ́ ọmọ apẹja ní àwọn ọdún sùúrù wọ̀nyẹn?

Ewéko náà fà sẹ́yìn, ó tún padà. Irúgbìn rẹ̀ a máa pẹ́ nínú ẹrẹ̀, ìdọ̀tí ìlú àti ajílẹ̀ tí òjò ń gbá wá láti oko sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ewéko kò ní èrò. A kò lè bá a ṣẹjọ́. Àwọn tí ń bọ́ ọ kò sí lójú omi. Apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ há sínú rẹ̀ ni wọ́n ń rán lọ fà á tu.