Ọjọ́ Orí Tí Wọ́n Tà: Ìtàn Àwọn Land Rover Tí Ìjọba Amẹ́ríkà Gbà

Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ààbò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tú jáde sí oríṣiríṣi ìpínlẹ̀. Oògùn olóró kọ́ ni wọ́n ń wá, ìbọn náà kọ́. Jíìpù ni wọ́n wá gbà: Land Rover Defender, ògbólógbòó ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí 40 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n. Obìnrin kan ní North Carolina ròyìn fún àwọn akọ̀ròyìn bí òun ṣe rí ọkọ̀ àwọn agbófinró tí wọ́n tò tẹ̀ léra wọn bọ̀ wá sí ilé òun. Wọ́n ṣí bónẹ́ẹ̀tì Land Rover rẹ̀, wọ́n wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, wọ́n fi wé èyí tó wà nínú ìwé ọwọ́ wọn, wọ́n sì gbé ọkọ̀ lọ. Obìnrin náà kò jalè. Owó gidi ló fi ra ọjà, ìwé ọkọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni pé wọn ò dàgbà tó bí ìwé wọn ṣe wí.

Ó lè ṣòro fún ẹni tó dàgbà sí Èkó tàbí Ìbàdàn láti gbà pé wọ́n lè fi ẹ̀sùn àìdàgbà kan mọ́tò. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọkọ̀ tòkúnbọ̀ bá ṣe tuntun tó ni owó rẹ̀ ṣe ń ga tó, ẹni tó sì fẹ́ yan èèyàn jẹ á sọ pé ti 2006 ni ti 2012. Ní Amẹ́ríkà, ó ní irú ọkọ̀ kan tó jẹ́ pé òdìkejì rẹ̀ ni jìbìtì ibẹ̀: ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ń pè ní arúgbó. Kí ó tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Maurice Wilks, ọ̀gá ẹlẹ́rọ ní ilé iṣẹ́ Rover, ní jíìpù àwọn sójà Amẹ́ríkà kan tó ń lò lóko rẹ̀ ní Anglesey, ní ilẹ̀ Wales. Nígbà tó rò ó bí yóò ṣe rí òmíràn bí èyí bá kú, ó pinnu pé kí ilé iṣẹ́ òun ṣe tiwọn. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé níbi àfihàn ọkọ̀ ní Amsterdam. Ogun àgbáyé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà, irin sì wọ́n, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Àmọ́ irin ni ṣáṣí tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ìtànjẹ ti ń bẹ̀rẹ̀: ara ọkọ̀ yìí kì í dípẹtà bí irin, ó lè máa dán lójú olùrà nígbà tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ní Bírítéènì ti jẹ ṣáṣí abẹ́ rẹ̀ tán.

Àwọn àgbà wa mọ Land Rover dáadáa. Òun làwọn ọlọ́pàá, àwọn oníṣẹ́ ọba àti àwọn awọnlẹ̀ ń gùn wọ ìgbèríko tí kò ní títì, nítorí pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun táwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní fọ́ọ̀-wíìlì. Ní 1983 àti 1984 ni wọ́n gbé One Ten àti Ninety jáde, nígbà tó sì di 1990 ni wọ́n fún irú ọkọ̀ yìí lórúkọ Defender. Ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 2016 ni èyí tó kẹ́yìn nínú wọn jáde ní ilé iṣẹ́ wọn ní Solihull.

Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló débẹ̀. Ní 1993, 500 péré ni ilé iṣẹ́ náà kó wá fún wọn. Wọ́n tún kó àwọn kékeré wá ní 1994, 1995 àti 1997, lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ dúró nítorí pé òfin ààbò ọkọ̀ ibẹ̀ le sí i, ó sì ń béèrè ohun tí ọkọ̀ náà kò ní. Bí ohun rere bá wọ́n, owó rẹ̀ á ga sókè. Ọkọ̀ tí àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ń fi kó koríko fún àgùntàn lè di ohun tí olówó ń fi ṣe fáàrí ní Amẹ́ríkà.

Òfin tí wọ́n ṣe ní 1988 ló sì dí ọ̀nà. Ọkọ̀ tí wọn kò ṣe ní ìlànà ààbò Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ wọlé, àfi tó bá ti pé ọdún 25 láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Oṣù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ gan-an ni wọ́n fi ń kà á: èyí tí wọ́n bá ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 kò lè wọlé lọ́nà yìí kí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026 tó dé. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àyíká náà ní tirẹ̀: ọdún 21, ó sì fẹ́ kí ẹ́ńjìnì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí èyí tó bá ìlànà tiwọn mu. Ọ̀pọ̀ olùrà kì í tilẹ̀ gbọ́ nípa òfin kejì yìí. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó wọ́pọ̀ tó pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì Land Rover. Àgbẹ̀ á yọ ẹ́ńjìnì 1985 tó ti rẹ̀, á fi ti dísẹ́ẹ̀lì 1995 tó lágbára sí i síbẹ̀, inú rẹ̀ á sì dùn. Ní Bírítéènì, ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é. Ní èbúté Amẹ́ríkà, ó lè di ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tó rà á lọ́rùn.

Nígbà tí òfin bá ti wí pé àgbà nìkan ló lè wọlé, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ta àgbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á wá Land Rover ìgbà 1980 tí ṣáṣí rẹ̀ ti jẹrà, tí kò ṣeé gùn mọ́, ṣùgbọ́n tí ìwé rẹ̀ ṣì pé. Ìwé yẹn ni wọ́n ń rà. Wọ́n á tú pátákó nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n á kàn án mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1995 tàbí lẹ́yìn 2000 pàápàá, wọ́n á wá fi ọkọ̀ ojú omi gbé e ránṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ìwé ìbí òkú lé alààyè lọ́wọ́. Olùrà rí ọkọ̀ tó mọ́, tó ń dún dáadáa, tí gbogbo nǹkan rẹ̀ le. Kò bi ara rẹ̀ léèrè bí arúgbó ṣe le tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2013, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà gbé fídíò kan jáde kí gbogbo ayé lè rí i. Defender kan ni wọ́n gbá mú pé wọ́n ti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Wọn ò dá a padà sí ibi tó ti wá, wọn ò tà á ní gbàǹjo. Katakata ńlá kan ló fi èékánná irin fọ́ ọ, ó ń fa òrùlé rẹ̀ ya, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tó fi di àgékù irin. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ò lè wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́kàn tèmi, ìkìlọ̀ tó yẹ ni. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé kò sí ibì kankan tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ti ń fi ẹni tó pààrọ̀ nọ́ńbà hàn. Òun ti gba owó rẹ̀ tipẹ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ gba ti àwọn 40 náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n kọ́ ló fúnra wọn kó ọkọ̀ wọlé. Wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹni tó sọ pé gbogbo ìwé ti pé, ìjọba ìpínlẹ̀ wọn sì ti fún wọn ní nọ́ńbà ọkọ̀. Wọ́n gba lọ́yà, wọ́n ń náwó lórí ẹjọ́, ọkọ̀ wọn sì wà ní àhámọ́ ìjọba. Nígbà tó di 2015, ìjọba gbà láti dá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn padà. Àwọn tó gbà á dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ro iye oṣù tí wọ́n fi ń sùn, tí wọ́n ń jí, láìmọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fowó rà ti di àgékù irin. Mo gbà pé ìjọba ṣi ọwọ́ lù nínú ọ̀rọ̀ yẹn: ẹni tó kó ọkọ̀ wọlé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n òfin aṣọ́bodè kò mọ olùrà rere yàtọ̀ sí olùrà búburú. Ọkọ̀ ni ó ń mú, ẹni tó bá sì ni ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ni ìyà ń jẹ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló wà ní Houston, ní Maryland, ní London, tí owó ti ń wọlé fún, tí wọ́n sì ń wá irú ọkọ̀ tí bàbá wọn gùn tàbí tí wọ́n rí nígbà èwe. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì kò tó. Pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìdè kàn ni yẹn, kò ṣòro láti tú u. Nọ́ńbà tó ṣe kókó ni èyí tí wọ́n lù mọ́ irin ṣáṣí gan-an, ní apá ọ̀tún iwájú, nítòsí táyà. Ẹrẹ̀ àti ọ̀dà dúdú sábà máa ń bò ó. Èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kó fi àkísà nù ún, kó tó lè kà á. Bí irin ibẹ̀ bá rí bí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì họ, tàbí tí wọ́n jó irin mìíràn mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo àwọn ohun kéékèèké tí oníjìbìtì máa ń gbàgbé. Bẹ́líìtì ìjókòó ní lébẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Gíláàsì fèrèsé náà ní àmì tirẹ̀ ní igun. Lóòótọ́ wọ́n lè pààrọ̀ gíláàsì kan tó fọ́, ṣùgbọ́n tí gbogbo gíláàsì àti gbogbo bẹ́líìtì bá jẹ́ ti 1998 lára ọkọ̀ 1985, ẹ béèrè ìdí. Láti 2007 ni bónẹ́ẹ̀tì Defender ti wú láàárín, tí dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti yí padà, tí ihò afẹ́fẹ́ méjì onídèérí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú sì ti pòórá. Ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ 1986 tí kò ní ihò méjì yẹn ní àlàyé púpọ̀ láti ṣe.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò náni lówó púpọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ ní Gaydon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ Land Rover. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà ṣáṣí ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n lè kọ ìwé ẹ̀rí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, àwọ̀ tó ní nígbà náà àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ fi ìwé yẹn wé ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Ẹni tó bá pààrọ̀ ṣáṣí pátápátá náà ní ìbéèrè láti dáhùn: ní Bírítéènì, títí di 2025, DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, máa ń fi máàkì díwọ̀n bóyá ọkọ̀ tí wọ́n tún kọ́ ṣì lè jẹ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Máàkì 8 ló gbọ́dọ̀ ní nígbà náà, ṣáṣí nìkan sì ní 5 níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì ní 1 péré.

Àwọn tó bá sì ń ronú pé àwọn á gbé tiwọn wá sílé, sí Abẹ́òkúta tàbí Oǹdó, òfin tiwa kọjú sí òdìkejì ti Amẹ́ríkà. Tòkúnbọ̀ tó bá ti gbó jù wà lára ohun tí Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Ọdún 15 ni ààlà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá fà á sílẹ̀ sí 12. Kí ẹnikẹ́ni má sì ro ọ̀nà Kútọnu àti Sẹ̀mẹ̀ rárá, torí láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Láti 2022 náà ni Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà ṣáṣí ṣírò owó orí ọkọ̀. Níbi gbogbo, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n ń béèrè.

Bí ẹ bá ti bá ẹnì kan dúnàádúrà, tó sì kù kí ẹ fowó ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dákun, ẹ dá a dúró ná. Ẹ sọ fún un pé kó nu ṣáṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú ọ̀tún, kó ya nọ́ńbà tó wà lára irin náà ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò ìwé ọkọ̀. Bó bá ní kò sáyè, tàbí pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san owó lọ́la, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà san án.