Ṣé ‘A Kò Mọ̀’ Lè Wẹ Ọwọ́ Wa Mọ́?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan ni a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí. Bí ènìyàn bá fi tọkàntọkàn ṣe iṣẹ́ rere, tí ó wá hàn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé iṣẹ́ náà gan-an ni ó ń pa àwọn tí ó fẹ́ ràn lọ́wọ́, kí ni ó wà lọ́rùn rẹ̀? Ṣé kí ó kàn sọ pé òun kò mọ̀, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ?

Ìtàn tí ó mú ìbéèrè yìí wá ṣẹlẹ̀ ní Vienna, olú-ìlú Austria. Nígbà náà, kò tíì hàn sí àwọn oníṣègùn pé kòkòrò àìfojúrí ni ó ń fa ọ̀pọ̀ àìsàn. Ilé-ìwòsàn ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn aláboyún tálákà ti ń bímọ. Ẹ̀ka méjì ni ibi ìbímọ náà: àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kìíní, àwọn agbẹ̀bí sì wà ní èkejì. Ní ọdún 1846, nínú 100 obìnrin tí ó bímọ lọ́dọ̀ àwọn dókítà, nǹkan bí 11 ni ó kú. Ibà tí ń kọlu obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ni ó ń pa wọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, àwọn tí ó kú kò pé 3 nínú 100. Ọjọ́ tí aláboyún bá dé ni ó ń pinnu ẹ̀ka tí wọn yóò gbé e sí, nítorí náà àwọn kan a máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé àwọn lọ sí ẹ̀ka kìíní. Àwọn mìíràn bí tiwọn sí ojú títì. Tálákà ìlú mọ ibi tí ikú wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wà nínú ilé kò mọ̀.

Ignaz Semmelweis, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ni olùrànlọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ka kìíní náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1847, Jakob Kolletschka, dókítà ọ̀rẹ́ rẹ̀, kú. Wọ́n ń la òkú kan láti mọ ohun tí ó pa á ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣèèṣì fi ọ̀bẹ gún un níka. Ohun tí wọ́n rí nínú ara Kolletschka kò yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń rí nínú ara àwọn ìyá ọmọ wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ ni ojú Semmelweis ti là. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa la òkú, láti ibẹ̀ wọn a sì lọ fi ọwọ́ kan náà yẹ aláboyún wò. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ o, ṣùgbọ́n òórùn òkú kì í kúrò níbẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí kì í la òkú ní tiwọn. Ní oṣù karùn-ún, ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláboyún láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi omi tí a po kọlorín mọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀. Ní 1848, àwọn tí ó kú ní ẹ̀ka kìíní kò tó 2 nínú 100.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Semmelweis kì í ṣe ọ̀lẹ. Nítorí kí ó lè mọ ohun tí ń pa àwọn obìnrin náà ni ó ṣe ń la òkú láràárọ̀, ìtara yẹn gan-an ni ó sì ń gbé ikú lọ bá wọn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1861, kò fi bò rárá. Ó jẹ́wọ́ pé Ọlọ́hun nìkan ni ó mọ iye obìnrin tí ó ti ọwọ́ òun wọ sàréè.

Gustav Michaelis, dókítà kan ní ìlú Kiel ní Jámánì, gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó rántí ìbátan rẹ̀ kan tí ó gbẹ̀bí fún, tí ibà náà sì pa. Ìbànújẹ́ yìí wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1848. Ti Charles Meigs, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀. Ó ní ọmọlúàbí ni dókítà, ọwọ́ ọmọlúàbí sì mọ́.

Ta ni ó gba ọ̀nà nínú wọn? Súrà Al-Ahzāb, āyah 5, jẹ́ kí a mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lórí àṣìṣe, bí kò ṣe ohun tí ọkàn bá gbèrò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Súrà An-Nisā’, āyah 92. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo yóò dá ẹrú onígbàgbọ́ sílẹ̀, yóò sì san owó ẹ̀mí fún àwọn ará ilé òkú, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Bí kò bá rí ẹrú, ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra ni. Ẹ kíyè sí i: ẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò, gbèsè kò kúrò. Ẹnìkan lè wí pé kò sí ẹni tí í kú ṣáájú àsìkò tí Ọlọ́hun kọ fún un. Òótọ́ ni, síbẹ̀ Ọba tí ó kọ àsìkò náà ni ó tún bu gbèsè náà.

Nítorí náà Michaelis rí gbèsè, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí àánú kò lè dé. Meigs kò gbà pé òun jẹ gbèsè. Semmelweis gbà, ó sì ń san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa kò yìn ín tán. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ìwé, nígbà tí àwọn kan sì takò ó, ó kọ lẹ́tà sí gbangba tí ó fi pè wọ́n ní apànìyàn. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò. Kí àwa tí à ń ṣe wáàsí rántí èyí. Ó kú ní 1865 ní ilé àwọn alárùn ọpọlọ. Ní 1879 ni Louis Pasteur dìde láàárín àwọn oníṣègùn ní Paris, tí ó ya àwòrán kòkòrò tí ń fa ibà náà sára pátákó fún gbogbo wọn rí.

Hádíìsì kan wà nínú tírà Abū Dāwūd nípa ọkùnrin kan tí òkúta fọ́ lórí lẹ́nu ìrìn-àjò. Ìwẹ̀ jànábà di dandan fún un, ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè ṣe tàyàmámù, wọ́n ní rárá, nítorí omi wà. Ó wẹ̀, ó kú. Ànábì bínú gidigidi, ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì bi wọ́n pé nígbà tí wọn kò mọ̀, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n bèèrè.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti kọ́ àwọn ọmọ ní hádíìsì yìí. Nínú ilé-kéú tí a ti ń kọ́ wọn, ìkòkò omi kan àti ife kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo wọn, olúkúlùkù a sì máa ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò. Lọ́dún kan, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin kan lọ sí ilé-ìwòsàn, wọ́n fa omi sí i lára kí ó tó gbádùn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá bá wa, a sọ fún un pé kádàrá ni. Ó wò wá, ó ní, “Áfáà, ìkòkò yẹn ńkọ́?”

A ra kẹ́ẹ̀gì onífáwẹ́ẹ̀tì, ọṣẹ, àti ife fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni a lọ láti ilé dé ilé, a sọ fún àwọn òbí pé ọ̀dọ̀ wa ni àìsàn náà ti wá. Àwọn kan ṣe àdúà fún wa. Ìyá ọmọbìnrin náà gba ẹ̀bẹ̀ wa, ó sì yọ̀ǹda owó ilé-ìwòsàn tí a gbé lọ fún un. Bàbá kan kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì kúrò lọ́dọ̀ wa, a kò sì bá a jà.